Ìwé Ìṣirò Olóko

Ẹnu ni àwọn baba wa fi ń tọ́jú ìtàn. Ìyàwó ilé a máa ki oríkì, onílù a máa lù ú, àgbà a sì máa sọ ọ́ ní àṣálẹ́ fún ọmọ tí ó bá jókòó tì í. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 1846 tí àwọn míṣọ́nnárì ti dé Abẹ́òkúta, ohun mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí kóra jọ sínú àpótí lábẹ́ ibùsùn àwọn ẹlòmíràn ní ilẹ̀ wa: káàdì ìrìbọmi, ìwé owó orí, lẹ́tà láti Èkó, ìwé àdéhùn ilẹ̀ tí a fi àtàǹpàkò tẹ̀. Ó yẹ kí á kíyè sí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì. Oríkì lè sọ pé baba báyìí ní ẹrú púpọ̀, pé àwọn ìwọ̀fà rẹ̀ kún oko bí èèrà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó dárúkọ ọ̀kan nínú wọn, kò sì jẹ́ sọ iye tí a rà á. Ìwé ìṣirò ni í sọ iye. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, inú àpótí ni ó sì wà.

Ìwé ńlá kan tí mo rí ní ilé ìkàwé ni ó kọ́kọ́ mú mi ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. The Children of Pride ni orúkọ rẹ̀, Robert Manson Myers ni ó sì ṣe ètò rẹ̀ tí a fi tẹ̀ ẹ́ ní 1972. Ó lé ní 1,800 ojú ewé, lẹ́tà ìdílé kan ṣoṣo ni ó sì kún inú rẹ̀: ìdílé Àlùfáà Charles Colcock Jones ní Liberty County, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní gúúsù Amẹ́ríkà, láti 1854 títí dé 1868. Oko mẹ́ta ni wọ́n ní, Montevideo, Maybank àti Arcadia. Ìrẹsì àti òwú ni wọ́n ń gbìn, àwọn ẹrú tí ń ṣiṣẹ́ fún wọn sì ju 100 lọ.

Bí ẹ bá ń ka lẹ́tà àlùfáà yìí, ẹ kò ní lè sọ pé ìkà ènìyàn ni. Ó fẹ́ràn ìyàwó àti ọmọ. Kò sí ẹni tí kì í béèrè àlàáfíà rẹ̀. Ó tilẹ̀ lo ọ̀pọ̀ ọdún láti máa wàásù fún àwọn ẹrú, ó sì kọ ìwé katikísìmù tí a ó fi máa kọ́ wọn. Lẹ́tà tí ó dùn-ún kà ni wọ́n: àìsàn, òjò, ìgbéyàwó, ọmọ tuntun, ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi. Ènìyàn a ti ka ogún ojú ewé kí ó tó rántí pé èjìká ẹlòmíràn ni gbogbo ìgbádùn náà wà.

Ní 1856, ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Jane sá kúrò ní oko náà, ó gba Savannah lọ. Wọ́n wá a rí. Àlùfáà wá pinnu pé òun yóò ta Jane, òun yóò ta Phoebe ìyá rẹ̀, òun yóò ta Cassius ọkọ Phoebe àti àwọn ọmọ wọn. Ó ní kí a má ṣe pín wọn níyà, kí a sì tà wọ́n sí ọ̀nà jíjìn. Ó rò pé ojú àánú ni òun fi ṣe é. Ní oṣù kẹta 1857, Phoebe àti Cassius fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti New Orleans, níbi tí wọ́n ti wà lọ́wọ́ oníṣòwò ẹrú tí wọ́n ń dúró de ẹni tí yóò rà wọ́n. Mo ka lẹ́tà náà, ó sì yà mí lẹ́nu bí ó ti jọ lẹ́tà ilé wa tó. Ìkíni ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Kí ẹ bá wa kí Clarissa ọmọ wa, kí ẹ bá wa kí Nancy, kí ẹ kí Porter àbúrò Cassius àti Patience ìyàwó rẹ̀. Ẹni tí a ti fà lọ sí ọjà, ohun tí ó fẹ́ kí a mọ̀ ni pé òun ṣì ní ẹbí.

Ìdílé tí ó tà wọ́n ni ó pa lẹ́tà yẹn mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni kò kúrò lọ́kàn mi. Bí kò bá ṣe pé àwọn Jones jẹ́ ẹni tí kì í sọ ìwé nù, a kì bá ti mọ̀ pé Phoebe wá sí ayé. Òpìtàn kan, Erskine Clarke, padà sídìí àwọn ìwé wọ̀nyí, ó sì gbé Dwelling Place jáde ní 2005. Ìtàn àwọn ẹrú ni ó fi lẹ́tà àwọn olówó wọn kọ, ó tò wọ́n ní ìran dé ìran. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìdílé Cameron ní North Carolina, tí ẹrú oko wọn tó nǹkan bí 900 ní 1860. Ìwé wọn wà ní Yunifásítì Chapel Hill, níbi tí a ti dá ibi ìpamọ́ fún irú rẹ̀ sílẹ̀ ní 1930. Àkọsílẹ̀ ọmọ tí àwọn ẹrú bí wà nínú rẹ̀, a kọ ọ́ bí ẹni ń kọ iye ọmọ màlúù. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ yẹn ni Herbert Gutman lò nínú ìwé tí ó tẹ̀ ní 1976 láti fi hàn pé àwọn ẹrú ní ìdílé, pé wọ́n ń fi orúkọ baba sọ ọmọ. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò ní irú èyí lọ́kàn rárá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ Òyìnbó ni mo gbé dé. James Churchwill Vaughan, ẹni tí a bí ní Camden ní South Carolina ní 1828, gba Liberia wá sí ilẹ̀ Yorùbá ní 1855, ó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà fún àwọn oníbatisí, ó sì di oníṣòwò ńlá ní Èkó kí ó tó kú ní 1893. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní Èkó àti àwọn ìbátan rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kò gbàgbé ara wọn láti ìran dé ìran. Ní Agége pẹ̀lú, a ní àwọn olóko tiwa. J. P. L. Davies ti ń gbin kòkó ní Ìjọn láti nǹkan bí 1880. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Jacob Kẹ́hìndé Coker, ọmọ Ẹ̀gbá, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá Ìjọ African Church sílẹ̀ ní 1901, ẹni tí ó tún jẹ́ aṣíwájú àwọn olóko Agége nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1907. Ìwé Coker wà ní National Archives, nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ẹsẹ̀ lásán ni akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lè fi rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí kòkó ti ṣe tàn ká ilẹ̀ wa, ibẹ̀ ni kí ó lọ. Àwọn lébìrà tí ó ṣiṣẹ́ ní Agége ni ó kó èso rẹ̀ padà sí ìlú wọn.

Obì gbànja náà ti ara Agége tàn dé ọ̀dọ̀ wa ní Rẹ́mọ. Abàtà ni a mọ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tí a ń dà fún Ọbàtálá, tí a fi ń ṣe ìdáná. Gbànja ni àwọn Hausa ń fẹ́, nígbà tí ojú irin sì ti dé Kano, owó wọ inú igbó wa. Ẹni tí ó bá mọ Sábó ní Ṣàgámù mọ ohun tí mo ń wí. Apẹ̀rẹ̀ obì, ewé tí a fi ń bò ó, ariwo àwọn tí ń ṣà á ní mẹ́ta mẹ́ta: láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Baba ńlá mi ní oko gbànja láàrin Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ àgbà lọ sí ilé ìwé míṣọ́n, òun ni ó sì ń bá a kọ ìṣirò láti 1908. Ìwé náà ṣì wà. Awọ pupa ni ẹ̀yìn rẹ̀, ikán ti jẹ igun kan níbẹ̀. Igi obì ni ọmọ náà kọ́kọ́ kà, ó kà wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, ó kọ èyí tí ó ti so àti èyí tí kò tíì so. Lẹ́yìn náà ni ó kọ àwọn ìwọ̀fà: orúkọ ẹni tí ó yá owó, iye pọ́n-ùn, orúkọ onígbọ̀wọ́, ọjọ́ tí a san án. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, bí ìwọ̀fà ti rí nìyí: ẹni tí ó yá owó yóò fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó, iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni èlé owó náà. Bí ó ṣe ogún ọdún, owó kò dín. Ọjọ́ tí a bá kó odindi owó náà sílẹ̀ ni ó tó lọ. Kì í ṣe ẹrú, ọmọ ìlú ni, ó ní ilé baba. Nítorí náà ni a ṣe kọ orúkọ wọn pé.

Ìsàlẹ̀ wọn ni a kọ àwọn mẹ́rin kan sí, wọn kò ní orúkọ, wọn kò sì ní iye owó. Tápà ńlá. Tápà kékeré. Hausa. Ìyá tí ń se oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ó kọ ọ́. Ẹni tí ó ka igi obì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni.

Ọ̀nà ẹrú ni Rẹ́mọ jẹ́ fún ìgbà pípẹ́, nítorí àwọn tí ń kó ẹrú lọ sí etí ọ̀sà ní Ìkòròdú kò ní ọ̀nà tí ó yá ju tiwa lọ. Nígbà tí àwọn Òyìnbó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní 1892, ọ̀pọ̀ ẹrú ní gbogbo agbègbè náà sá. Tápà ńlá àti Hausa kò sí nínú ìwé mọ́ lẹ́yìn 1911. Bóyá wọ́n kú, bóyá wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin, ìwé kò sọ. Tápà kékeré dúró. Ojú ewé kan wà tí a kọ ní 1919, ọdún kejì àjàkálẹ̀ àrùn tí ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé. Gbogbo ilé wa ni ó dùbúlẹ̀ nígbà náà. Tápà kékeré ni ó ń pọn omi, òun ni ó ń sin òkú, òun ni ó ń bu ẹ̀kọ sí ẹnu àwọn tí kò lè dìde. Nígbà tí ara baba ńlá mi yá, ó pe ọmọ rẹ̀ kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fún Tápà kékeré ní ilẹ̀, láti etí odò títí dé ìdí ìrókò, fún òun àti ọmọ rẹ̀ láéláé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbà á. Ẹni méjì tẹ ìka sí i.

Ewé mẹ́tàlá lẹ́yìn èyí, ọwọ́ ìkọ̀wé yí padà. Ọmọ àgbà ti kú, àbúrò rẹ̀ ni ó gba ìwé. Láti 1931 ni àbúrò yìí ti ń kọ ìṣákọ́lẹ̀ tí ó ń gbà lọ́wọ́ àwọn ará etí odò: apẹ̀rẹ̀ obì kan, àkùkọ kan, ṣílè márùn-ún. Ọdọọdún ni, títí ìwé fi parí ní 1958. Ilẹ̀ tí a ti fi tọrẹ ni ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lé lórí. Àwọn kan nínú ilé wa ní kò rí ojú ewé ti 1919. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó ń ka ìwé yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ó mú un jáde ni pé ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ ra ilẹ̀ lọ́wọ́ wa nítorí pé kò jìnnà sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Wọ́n ní kí a mú ìwé ilẹ̀ wá. Èmi ni mo mọ ìwé kà jù nínú àwọn tí ó wà nílé ní ọjọ́ náà, wọ́n sì gbé àpótí lé mi lọ́wọ́. Mo kà á di ọ̀gànjọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé e lọ bá bàbá wa tí ó jẹ́ olórí ẹbí, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ka ojú ewé méjèèjì fún wọn.

Bàbá dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwé yìí yóò ba ilé méjì jẹ́. Bí ó bá jáde, àwa yóò sọ ilẹ̀ nù, ojú yóò sì ti àwọn. Ọmọ wọn kan ti fẹ́ ọmọ olóyè ní Ìkẹ́nnẹ́. Ṣé ìwọ ni yóò lọ sọ fún àna wọn pé a rà bàbá wọn ni? Iná ni kí o fi sí i."

Kò yẹ kí á fi ọ̀rọ̀ bàbá ṣe yẹ̀yẹ́. Bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ, gbogbo wa ni a ń pa á ní òwe. Ṣùgbọ́n bí ọmọ wa bá fẹ́ gbéyàwó, ẹ̀yìnkùlé ni a ń gbà lọ wádìí. Mo mọ ìdílé tí ìwádìí bẹ́ẹ̀ tú ká. Ṣùgbọ́n mo ronú kan Phoebe àti Cassius. Ká ní àwọn ọmọ Jones ti sọ pé lẹ́tà yẹn yóò dójú ti gbogbo ènìyàn, kí a fi iná sí i! Mo sì rí i pé ìtìjú tí bàbá ń wí, ti àwọn ará etí odò ni. Kò yẹ kí ó jẹ́ àwa ni a ó máa bá wọn pinnu bí yóò ti ká wọn lára tó. Mo bẹ bàbá kí wọ́n jẹ́ kí n mú un lọ bá ẹni tí ó dàgbà jù ní ilé náà, òun nìkan. Wọ́n ní, "Bí o bá mú un lọ, kí o mọ̀ pé ìwọ ni o mú un lọ." Ìyẹn ni àṣẹ tí mo gbà.

Ìyá kan ni ó dàgbà jù níbẹ̀, ọmọ ọmọ Tápà kékeré. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Obì ni wọ́n ń ṣà nígbà tí mo dé. Mo kí wọn, mo jókòó, mo sì sọ ohun tí mo bá wá. Mo fi ọ̀rọ̀ ẹrú sẹ́yìn, mo ń wá ọ̀nà tí n ó fi yí i po. Ìyá fi obì ọwọ́ wọn sílẹ̀.

"Ọmọ mi, ta ni ó sọ fún yín pé a kò mọ̀? Bàbá wa sọ fún bàbá mi, bàbá mi sọ fún mi. Ní tìtorí tiyín ni a kò ṣe wí i. Ẹ máa ń pè wá ní ìbátan ní ìta, a ní kí á má ṣe já yín ní irọ́."

Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí bàbá wọn kò fi sá bí àwọn yòókù. Wọ́n ní òru ni wọ́n fi mú un rìn láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ dé Rẹ́mọ, ọmọdé ni, kò mọ ọ̀nà. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń sá, apá ibi tí ilé wà gan-an ni kò mọ̀.

Nígbà náà ni mo ka ojú ewé ti 1919 fún wọn. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Láti etí odò títí dé ìdí ìrókò. Èyí ni wọn kò mọ̀. Bàbá wọn ti sọ pé baba ńlá mi fi ọwọ́ na ilẹ̀ náà sí òun, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí baba ńlá mi kú, ilé wa ní yíyá ni a yá a, kò sì sí ohun tí ó lè fi já wọn ní koro. Kò mọ̀ pé ìwé wà. Ìyá béèrè pé ọdún mélòó ni a kọ ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Mo kà á: ọdún 28. Wọ́n ní, "Tiyín parí síbẹ̀. Àwa kò dáwọ́ dúró. Èmi fúnra mi gbé apẹ̀rẹ̀ obì dé ilé yín ní ọdún Kérésì tí ó kọjá." Mo rántí apẹ̀rẹ̀ náà. Mo jẹ nínú rẹ̀.

Wọ́n tún béèrè bí a bá kọ orúkọ bàbá wọn síbẹ̀. Mo ní rárá, Tápà kékeré ni a kọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní ó ní orúkọ. Wọ́n sọ ọ́ fún mi, wọ́n sọ ti ìyá rẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sórí ìwé mìíràn kí n fi sáàrin ojú ewé náà, kí n má ṣe fi kọ́ ẹnikẹ́ni títí àwọn ọmọ wọn yóò fi péjọ. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí kò fi sí níhìn-ín.

Ilé méjèèjì ti jókòó lẹ́ẹ̀kan láti ìgbà náà. Àwọn tí ń wọn ilẹ̀ ti yọ ti etí odò kúrò nínú èyí tí a fẹ́ tà, bàbá wa sì fi ọwọ́ sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ ni kò tíì lójú. Àwọn kan nínú ilé wa ní ẹ̀bùn ni, pé obì tí a ti jẹ kò ṣeé pọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ilé etí odò ní gbèsè ni, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí kà á láti 1931, pẹ̀lú èlé. Wọ́n ní kí n mú ìwé náà wá sí ìpàdé tí ń bọ̀, kí n sì ka gbogbo rẹ̀ sókè, láti orí igi obì àkọ́kọ́.